Aago awakọ̀ òfurufú tí apá mẹ̀kúnnù ká: ìbéèrè àti ìdáhùn

Kí ló ń sọ aago ọwọ́ di aago awakọ̀ òfurufú?

Kì í ṣe àwòrán bàálù tí wọ́n fín sí ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ fojú inú wo ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ dí, tó wà nínú òkùnkùn, tí ọkọ̀ sì ń gbọ̀n jìgìjìgì lábẹ́ rẹ̀. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ lè wo aago náà lẹ́ẹ̀kan péré kó mọ ohun tí aago wí láìṣẹ̀ṣẹ̀ máa kà á. Ibẹ̀ ni gbogbo yòókù ti wá: ojú dúdú tí kì í dán, nọ́ńbà funfun gàdàgbà, ọwọ́ tó fẹ̀ bí idà, àmì onígun mẹ́ta tó wà ní ipò 12 kí èèyàn má baà dorí aago kodò lóru, kókó ńlá ẹ̀gbẹ́ aago, èyí tí wọ́n fi ń yí ọwọ́ rẹ̀, tí ìka tó wà nínú ìbọ̀wọ́ lè dì mú, àti okùn tí kì í já bọ̀rọ̀. Aago tó bá yọ ọ̀kan nínú ìwọ̀nyí kúrò nítorí ẹwà, ẹwà lẹ ń san owó fún.

Níbo ni irú ojú aago yìí ti ṣẹ̀ wá?

Èyí tí ọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀ jù ni ti Jámánì. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ilé iṣẹ́ márùn-ún ló ṣe é fún àwọn ọmọ ogun òfurufú ilẹ̀ náà: A. Lange & Söhne, IWC, Laco, Stowa àti Wempe. B-Uhr ni wọ́n ń pè é. Fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 55, wọ́n sì fín FL 23883 sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ẹni tí wọ́n dìídì ṣe é fún ni afọ̀nàhàn, ìyẹn ẹni tó jókòó ti máàpù nínú ọkọ̀. Orí apá jákẹ́ẹ̀tì ló ń so ó mọ́, ìdí nìyẹn tí okùn rẹ̀ fi gùn gbọọrọ.

Iṣẹ́ afọ̀nàhàn yìí ló jẹ́ ká mọ ìdí tí wọ́n fi le koko mọ́ ìṣẹ́jú àáyá. Ilé ayé ń yí ìwọ̀n dígíríì 15 láàárín wákàtí kan. Bí ẹni tó ń fi ìràwọ̀ wá ibi tí ọkọ̀ wà bá ṣi àkókò pẹ̀lú ìṣẹ́jú àáyá 4 péré, ibi tó máa fi ọkọ̀ sí lórí máàpù lè fi máìlì òkun kan, nǹkan bíi kìlómítà 1.85, yàtọ̀ sí ibi tó wà gan-an, pàápàá nítòsí ìlà agbedeméjì ayé. Nítorí náà ni ọwọ́ àáyá B-Uhr fi ń dúró sójú kan bí wọ́n bá fa kókó jáde, kí wọ́n lè bá àmì àkókò mu wẹ́kú kí wọ́n tó gbéra.

Oríṣi ojú méjì ló wà. Oríṣi A ní nọ́ńbà wákàtí 1 dé 11, pẹ̀lú àmì onígun mẹ́ta àti àmì róbótó méjì ní ipò 12. Oríṣi B, tó dé ní 1941, gbé nọ́ńbà ìṣẹ́jú 5 dé 55 sí ẹ̀gbẹ́ òde, ó sì ti wákàtí sínú òbìrìkìtì kékeré láàárín, torí ìṣẹ́jú ni afọ̀nàhàn ń wá jù.

Àwọn tó kù kò tóbi tó bẹ́ẹ̀. A-11 ti Amẹ́ríkà, tí Elgin, Bulova àti Waltham ṣe nígbà ogun kan náà, kò ju nǹkan bíi mìlímítà 32 lọ, ọwọ́ àáyá tirẹ̀ náà sì ń dúró. Mark 11 ti Gẹ̀ẹ́sì, tí IWC àti Jaeger-LeCoultre ṣe láti ìparí àwọn ọdún 1940, ní ìkarahun irin rírọ̀ nínú tó ń dáàbò bo ẹ́ńjìnnì lọ́wọ́ òòfà. Nínú àwọn ọdún 1970, Hamilton ṣe aago kékeré onígun mẹ́rin rírọ̀ fún àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì. Ilẹ̀ Faransé ní Type 20 tirẹ̀, aago oníbọ́tìnnì tó ń wọn àkókò, tó sì lè padà sí òdo kó tún gbéra pẹ̀lú ìtẹ̀ ẹyọ kan.

Ṣé aago tí mo fẹ́ rà ti wọ ogun rí?

Bó bá jẹ́ tuntun, tí kò sì wọ́n, rárá ni. Àmọ́ ìtàn kò rí bákan náà fún gbogbo wọn, ó sì yẹ kẹ́ ẹ mọ èyí tí wọ́n ń tà fún yín. Ilé iṣẹ́ kan lè ti ṣe ojúlówó nígbà náà, kó ṣì máa ṣe irú rẹ̀ lónìí: Laco àti Stowa nìyẹn. Laco Augsburg gbé ojú oríṣi A, Aachen gbé oríṣi B. Hamilton Khaki Pilot Pioneer Mechanical náà wà níbẹ̀. Ó jọ ti àwọn ọdún 1970 gan-an, fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 33, gígùn rẹ̀ 36. Ilé iṣẹ́ mìíràn wulẹ̀ yá àwòrán náà lò ni. Seiko SNK809, tó gbé ojú tó jọ oríṣi B, kì í ṣe ohun tí ológun kankan pín, síbẹ̀ aago tó dáa ni. Wọn kò ṣe é mọ́, àlòkù ló pọ̀ níta.

Ọ̀rọ̀ bíi “ti ológun” lórí páálí kò ní ìtumọ̀ kan pàtó. Èyí tó ní ìtumọ̀ ni DIN 8330, ìlànà tí Jámánì gbé jáde ní 2016 fún aago awakọ̀. Aago tó gbé nọ́ńbà yẹn ti gba àyẹ̀wò kíkà, ìfúnpá afẹ́fẹ́, ìgbọ̀nrìrì àti òòfà. Irú rẹ̀ kì í sábà wà láàárín àwọn tí owó wọn mọ níwọ̀n.

Ẹ́ńjìnnì wo ni kí n mú?

Ibí ni owó yín ti ń ṣiṣẹ́ jù, nítorí náà ẹ fara balẹ̀.

Bí pípé àkókò bá ni olórí ohun tí ẹ ń wá, ẹ ra oníbátìrì. Aago oníbátìrì tí kò wọ́n rárá kì í sábà yẹ̀ ju ìṣẹ́jú àáyá 15 sí 20 lọ lóṣù. Olóòrùn náà oníbátìrì ni, ìmọ́lẹ̀ ló kàn ń gba agbára sí i. Citizen BM8180 jẹ́ àpẹẹrẹ tó dáa. Ojú ṣọ́jà orí ilẹ̀ ló gbé, kì í ṣe ti awakọ̀ gan-an, ṣùgbọ́n mìlímítà 37 ni, ó sì ń lò tó oṣù mẹ́fà nínú òkùnkùn bó bá ti kún. Bí ọwọ́ àáyá rẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í fo méjì méjì, ebi ìmọ́lẹ̀ ló ń pa á. Ẹ gbé e síbi ìmọ́lẹ̀ ojú fèrèsé, ẹ má gbé e sórí iná ààrò tàbí dáṣíbọ́ọ̀dù mọ́tò tó ń gbóná.

Aago tó ń wáìn ara rẹ̀ bí ọwọ́ bá ṣe ń jù ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń fẹ́, torí ó sún mọ́ ohun àtijọ́. Mẹ́ta lẹ máa bá pàdé jù:

- Seiko 7S26, tó wà nínú SNK809. Ẹ kò lè fọwọ́ wáìn ín, ọwọ́ àáyá rẹ̀ kì í sì í dúró bí ẹ bá fa kókó.
- Seiko NH35, tó wà nínú ọ̀pọ̀ aago ilé iṣẹ́ kéékèèké. Ó ṣeé fọwọ́ wáìn, ọwọ́ àáyá ń dúró, ó ń lo nǹkan bíi wákàtí 41 bó bá kún.
- Miyota ìdílé 8200, tó wà nínú àwọn Laco tí kò wọ́n lábẹ́ orúkọ Laco 21. Ó ṣeé fọwọ́ wáìn. Ọwọ́ àáyá ti àtijọ́ kì í dúró. Ẹ béèrè nípa èyí tó wà nínú tiyín.

Ìwọ̀n tí ilé iṣẹ́ fi lélẹ̀ fún NH35 ni kó máa dín ìṣẹ́jú àáyá 20 tàbí kó máa lé 40 lóòjọ́. Bí tiyín bá ń lé 15 lójoojúmọ́, kò sí àìsàn kankan lára rẹ̀. Ẹni tí kò bá lè gba èyí mọ́ra, kó má ra á.

Ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ń fọwọ́ wáìn nìkan, bíi H-50 ti Hamilton, tínrín, ó sì ń lo wákàtí 80. Ẹ wáìn ín ní wákàtí kan náà lójoojúmọ́ tàbí lọ́jọ́ méjì méjì, kí ẹ sì dúró níbi tí kókó ti kọ̀ fún yín. Agídí níbẹ̀ lè ba sípíríǹgì jẹ́.

Báwo ni kí aago náà ṣe tóbi tó?

Ẹ má wo fífẹ̀ nìkan. Ẹ wọn ibi pẹlẹbẹ tó wà lórí ọrùn ọwọ́ yín, kí ẹ sì béèrè ìwọ̀n láti orí etí òkè aago, ìyẹn ibi tí okùn ti so mọ́ ọn, dé orí etí ìsàlẹ̀. Bí etí aago bá yọ kọjá ọrùn ọwọ́, okùn á máa gbéra, aago á sì máa yí kiri. Ojú aago awakọ̀ ń dà bí ẹni pé ó tóbi ju bó ti wà lọ, torí eteetí irin rẹ̀ tín-ín-rín. Ìdí nìyẹn tí mìlímítà 39 ti aago yìí fi ń jọ 41 ti aago mìíràn. Fún ọ̀pọ̀ ọwọ́, 37 sí 40 tó. Ẹni tí ẹ̀rù bá ń bà pé kékeré kì í ṣe ti ológun, kó rántí A-11.

Kí ni kí n yẹ̀ wò lójú rẹ̀ kí n tó sanwó?

Ẹ kọ́kọ́ wo bí ọwọ́ ìṣẹ́jú ṣe gùn tó. Orí rẹ̀ gbọ́dọ̀ kan ilà ìṣẹ́jú. Bó bá kúrú, tí àyè wà láàárín orí rẹ̀ àti ilà, ẹ ó máa méfò bóyá ìṣẹ́jú 22 ni tàbí 23. Aago tí kò wọ́n ló sábà ní àléébù yìí, nítorí ọwọ́ kan náà ni wọ́n rà ní ọ̀pọ̀ láti fi sínú aago mìlímítà 38 àti ti 44. Lórí oríṣi B, ọwọ́ wákàtí gbọ́dọ̀ mọ sí òbìrìkìtì inú. Bó bá gùn dé ìta, àtọwọ́ wákàtí àtọwọ́ ìṣẹ́jú á jọra lóru.

Lẹ́yìn náà, ẹ yí ọwọ́ sí aago mẹ́fà géérégé. Ìlà kan ṣoṣo ni kí méjèèjì jẹ́. Ẹ wá gbé ojú aago síbi tí gílóòbù ti ń tàn sí i láti ẹ̀gbẹ́: bí gíláàsì bá tan ìmọ́lẹ̀ padà sójú yín débi pé nọ́ńbà sọnù, iṣẹ́ tí wọ́n torí ẹ̀ ṣe aago náà ti bàjẹ́.

Ọ̀dà tó ń tàn lókùnkùn kì í pẹ́ kú. Ṣé ó ti bàjẹ́ ni?

Bóyá ni. Ọ̀dà òde òní, irú Super-LumiNova, ń mu ìmọ́lẹ̀ ni, kì í dá iná tirẹ̀. Ó máa ń mọ́lẹ̀ rokoṣo ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà á rẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí i fún ààbọ̀ ìṣẹ́jú, kí ẹ pa iná, kí ẹ sì wò ó lẹ́yìn wákàtí méjì, nígbà tí ojú yín ti mọ́ òkùnkùn lára. Bí ẹ bá ṣì lè ka ipò ọwọ́, ó dáa. Ọ̀dà tí wọ́n kùn fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni kò ní tó bẹ́ẹ̀, kò sì sí àtúnṣe rẹ̀ tó rọrùn.

Mo fẹ́ ra ojúlówó àtijọ́ tí ológun lò. Kí ni kí n ṣọ́ra fún?

Rédíọ́ọ̀mù, èròjà tó ń tú ìtànṣán olóró jáde. Òun ni wọ́n fi kun nọ́ńbà ọ̀pọ̀ aago ológun ayé ogun náà. Kò tàn mọ́ nítorí èròjà tó ń gba agbára rẹ̀ tàn ti jóná tán, ṣùgbọ́n rédíọ́ọ̀mù fúnra rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀ digbí: ó ń gba nǹkan bí ọdún 1,600 kí ìdajì rẹ̀ tó tán. Ẹ má ṣí i, ẹ má họ ọ̀dà rẹ̀, ẹ má fẹ́ eruku rẹ̀. Eruku tó bá wọ inú ara ni ewu ńlá. Trítíọ́ọ̀mù, tó rọ́pò rẹ̀, kò le tó bẹ́ẹ̀, ìdajì rẹ̀ sì ń tán ní ọdún 12 ó lé díẹ̀. Lórí aago Gẹ̀ẹ́sì, lẹ́tà T nínú òbìrìkìtì ló ń fi í hàn.

Ní ti ayédèrú, ẹ̀yìn aago ló ń sọ̀rọ̀. Ti Gẹ̀ẹ́sì ń gbé àmì orí ọfà ìjọba. 6BB dúró fún ọmọ ogun òfurufú, W10 fún ti orí ilẹ̀, 0552 fún ti ojú omi. Ojú aago tó funfun nini nínú ìkarahun irin tó ti họ yánnayànna, wọ́n ti tún un kùn ni. Ọwọ́ tí ọ̀dà rẹ̀ tàn ju ti nọ́ńbà lọ, wọ́n ti pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ ní kí olùtajà ya fọ́tò ẹ́ńjìnnì ránṣẹ́. Ẹni tó bá kọ̀, ẹ kọ aago rẹ̀.

Báwo ni mo ṣe ń tò ó mọ́ àkókò láìbà á jẹ́?

Bó bá ní ọjọ́ oṣù, ẹ má fi kókó yára yí ọjọ́ náà láàárín aago mẹ́sàn-án alẹ́ sí mẹ́ta òru tí ojú aago ń fi hàn. Ní àkókò yẹn, eyín kẹ̀kẹ́ tó ń ti ọjọ́ ti wọnú ara wọn. Ipá tí ẹ bá lò lè ká eyín kan sọnù. Ẹ yí ọwọ́ sísàlẹ̀ dé aago mẹ́fà kọ́kọ́, ẹ to ọjọ́ sí ti àná, kí ẹ wá yí ọwọ́ síwájú títí ọjọ́ òní á fi yọ. Báyìí lẹ ṣe máa mọ̀ bóyá ọ̀sán ni tàbí òru lójú aago náà.

Láti bá ìṣẹ́jú àáyá mu, ẹ fa kókó jáde pátápátá nígbà tí ọwọ́ àáyá bá kan 12, ẹ gbé ọwọ́ ìṣẹ́jú síwájú díẹ̀ kọjá ibi tẹ́ ẹ fẹ́, ẹ dá a padà sórí ilà, kí ẹ sì ti kókó wọlé bí fóònù yín bá ti lu òdo. Bí ọwọ́ àáyá kì í bá dúró, ẹ jẹ́ kí sípíríǹgì rẹ̀ tán kí aago dá iṣẹ́ sílẹ̀, ẹ tò ó, kí ẹ wá mì ín bí àkókò bá pé.

Aago mi ṣàdédé ń sáré ní ọ̀pọ̀ ìṣẹ́jú lóòjọ́.

Òòfà ló sábà ń fà á. Sípíríǹgì tín-ín-rín tó ń mú kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ síwá lọ sẹ́yìn ti lẹ̀ mọ́ra wọn, ó wá dà bí ẹni pé wọ́n gé e kúrú, bẹ́ẹ̀ sípíríǹgì kúkúrú ń yára jù. Ẹnu báàgì, ìdérí tábúlẹ́ẹ̀tì àti sípíkà ló sábà ń fà á. Ẹ gbé aago sún mọ́ kọ́ńpáàsì díẹ̀díẹ̀. Bí abẹ́rẹ́ rẹ̀ bá fò sọ́tùn-ún sósì bí ẹ ṣe ń yí aago, ẹ ti rí ọ̀daràn.

Ẹ̀rọ ìyọ-òòfà kékeré kan wà tí wọ́n ń ki bọ iná. Ẹ gbé aago lé e, ẹ tẹ bọ́tìnnì mọ́lẹ̀, ẹ má fi sílẹ̀, kí ẹ sì máa gbé aago lọ sókè jẹ́jẹ́ títí ó fi tó apá kan sí i, ó kéré tán sẹ̀ǹtímítà 50. Níbẹ̀ ni kí ẹ tó tú bọ́tìnnì sílẹ̀. Ẹni tó bá tú u sílẹ̀ nígbà tí aago ṣì wà lórí ẹ̀rọ tún fi òòfà tuntun sí i ni, tó tún lè ju ti àkọ́kọ́ lọ. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá ni, ẹ má sanwó títú aago palẹ̀ nítorí rẹ̀.

Ó ń dúró lóru, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo wọ̀ ọ́ lójúmọmọ.

Ẹni tó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà látàárọ̀ kì í ju ọwọ́ tó. Bó bá ṣeé fọwọ́ wáìn, ẹ yí kókó nígbà 20 sí 30 láàárọ̀. Bí 7S26 bá ni, ẹ mì ín láti ẹ̀gbẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ fún ààbọ̀ ìṣẹ́jú. Bó bá kún tó sì tún ń dúró kó tó pé wákàtí 30, òróró inú rẹ̀ ti gbẹ.

Ṣé mo lè fi wẹ̀?

ATM ni ìwọ̀n ìfúnpá omi tí aago lè fara dà. 3 ATM jẹ́ ti òjò àti ìfọwọ́, kò jù bẹ́ẹ̀. 5 ATM lè fara da ohun tó pọ̀ díẹ̀. Odò wíwẹ̀ ń fẹ́ 10 ATM. Nọ́ńbà wọ̀nyí jẹ́ ti ọjọ́ tí rọ́bà inú rẹ̀ ṣì jẹ́ tuntun. Rọ́bà ń gbó. Omi gbígbóná àti ọṣẹ ló ń yára pa á. Bí ẹ bá rí ìkùukùu lábẹ́ gíláàsì, ọjọ́ yẹn náà ni kẹ́ ẹ gbé e lọ fún ẹni tó ń tún aago ṣe, torí ìpẹtà kì í dúró de òpin ọ̀sẹ̀.

Okùn wo ló dáa jù, báwo ni mo ṣe ń pààrọ̀ rẹ̀?

Awọ tó ní bọ́tìnnì irin méjì méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí aago ló bá ti Jámánì mu. Ó nípọn, ó ń fẹ́ ọ̀sẹ̀ kan sí méjì kó tó rọ̀, kò sì fẹ́ òógùn. Níbi tí ooru ti ń mú, okùn náílọ́ọ̀nù ẹlẹ́yọ kan dáa jù. G10 ni orúkọ ológun rẹ̀, láti inú nọ́ńbà fọ́ọ̀mù tí ṣọ́jà Gẹ̀ẹ́sì ń kọ kó tó gbà á, àwọn aráyé ló sọ ọ́ di NATO. Àǹfààní rẹ̀ ni pé ó gba abẹ́ aago kọjá: bí píìnì kan bá já, èkejì á ṣì di aago mú.

Ẹ wọn àárín etí méjèèjì. 18 tàbí 20 mìlímítà ló wọ́pọ̀. Ẹ tẹ́ aṣọ rírọ̀ sílẹ̀, ẹ dojú aago dé, ẹ ki orí irinṣẹ́ tó là sí méjì bọ àárín okùn àti etí, ẹ ti èjìká píìnì sínú, kí ẹ fi àtàǹpàkò bò ó kó má baà ta sọnù. Bí ẹ bá fi tuntun sí i, ẹ fa okùn náà gírígírí kẹ́ ẹ tó wọ̀ ọ́. Píìnì tí kò wọ ihò dáadáa ni olórí ohun tó ń já aago sílẹ̀. Bí aago àtijọ́ bá ní ọ̀pá tí wọ́n jó mọ́ etí, okùn tó ń gba abẹ́ kọjá nìkan ló máa wọ̀ ọ́.

Gíláàsì rẹ̀ ti họ.

Bó bá jẹ́ oníke, oògùn ìdán bíi PolyWatch àti aṣọ rírọ̀ á pa á rẹ́ láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan. Gíláàsì lásán kò ṣeé dán bẹ́ẹ̀, pípààrọ̀ ló rọrùn. Sáfáyà kì í sábà họ. Bó bá jọ pé ó họ, ó lè jẹ́ ọ̀dà tí kì í jẹ́ kó tàn lójú ló ń bó.

Ìgbà wo ló yẹ kí wọ́n tú u palẹ̀, kí wọ́n fi òróró sí i?

Nǹkan bí ọdún márùn-ún sí méje, tàbí bí ó bá bẹ̀rẹ̀ sí í dín agbára. Lórí aago tí kò wọ́n, owó iṣẹ́ náà lè ju iye odindi NH35 tuntun lọ, nítorí náà ọ̀pọ̀ ẹni tó mọṣẹ́ á gbà yín níyànjú pé kí wọ́n pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì lápapọ̀. Kò sí ìtìjú níbẹ̀, bí ojú, ọwọ́ àti ìkarahun bá ṣì jẹ́ tirẹ̀.

Mo fẹ́ gbé e pamọ́ fún oṣù mélòó kan.

Ẹ jẹ́ kí oníwáìn dúró ní tirẹ̀, kò ní ṣe é ní nǹkan kan. Ẹ má fi olóòrùn sínú dúrọ́ọ̀ tó ṣókùnkùn. Oníbátìrì tí bátìrì rẹ̀ ti kú ni kẹ́ ẹ má fi sílẹ̀ rárá: ẹ yọ bátìrì náà lọ́sẹ̀ yẹn, torí omi tó bá jò lára rẹ̀ á jẹ wáyà inú ẹ́ńjìnnì run, bí ẹ bá sì fi bátìrì tuntun sí i lẹ́yìn náà, kò ní mì.